Ayé Lọjà, Ọ̀run Nilé: Ìran Ọ̀run Nínú Orin àti Àwòrán

Àwọn baba wa sọ fún wa pé ayé ni ọjà, ọ̀run ni ilé. Bóyá ni ibì kan wà tí òwe náà gbé yé ènìyàn tó agbègbè Kòṣọ́fẹ́ ní Èkó, níbi tí ọjà Mile 12 gbé ń gba iṣu, ata, tòmátì àti àlùbọ́sà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kó bọ̀ láti Òkè Ọya, tí ó sì ń pín wọn kiri gbogbo ìlú. Ní ọ̀sán, ariwo ọjà ni ó gba ibẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ènìyàn bá ti Ìkòsì rìn wá sí Kétu, ọ̀rọ̀ ilé ni yóò máa gbọ́. Ní ojúde kan wọ́n ń ṣe òkú àgbà, olórin sì ń kéde fún gbogbo àdúgbò pé òkú náà ti gúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Olúwa. Ní ilé kejì àwọn aláṣọ funfun ń ṣe ìṣọ́ òru, wọ́n ń kọrin nípa ìlú tí ó ń tàn bí wúrà. Ní ẹnu ọ̀nà kẹta, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kó orí jọ sí fóònù kan, wọ́n ń wo eré kan tí iná ti ń jó àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ilé mẹ́ta ni wọ̀nyí, ọ̀run mẹ́ta ni wọ́n sì ń fi hàn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ kí a wádìí ní ọ̀sẹ̀ yìí ibi tí irú ìran bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, kí a sì béèrè ohun tí ó wà fún. Nítorí bí a bá yẹ ọ̀ràn náà wò dáradára, a ó rí i pé àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n ní àwọn rí ọ̀run kò sọ ọ́ kí wọ́n lè rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Ẹni tí ó rí ìran náà ni ìran náà kọ́kọ́ bá wí.

Ẹni tí ó fa màlúù kọjá lórí afárá

Ní ọdún 731, Bede, àlùfáà àti mọ́ńkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, parí ìwé ìtàn ìjọ tí ó kọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú ìwé náà ni ó gbé sọ nípa baálé ilé kan, Drythelm, ẹni tí ó ṣàìsàn, tí ó kú ní àṣálẹ́, tí ó sì jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Gbogbo àwọn tí ó yí òkú náà ká tí wọ́n ń sunkún ni ó fẹsẹ̀ fẹ, àfi ìyàwó rẹ̀ nìkan, tí òun pàápàá ń wárìrì. Drythelm ní ẹnì kan tí aṣọ rẹ̀ ń dán mú òun dé àfonífojì kan tí iná wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, tí òjò yìnyín wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí àwọn ọkàn sì ń fò láti inú ooru bọ́ sínú òtútù, láti inú òtútù bọ́ sínú ooru, láìrí ibi sinmi. Kí ni ọkùnrin náà ṣe nígbà tí ó dìde? Kò jókòó kí ó máa sọ orúkọ àwọn tí ó bá níbẹ̀. Ó pín ohun ìní rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀kan, ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní èkejì, ó sì pín ìkẹta fún àwọn tálákà. Lẹ́yìn náà ni ó lọ di mọ́ńkì.

Ìtàn kejì a máa pa ni lẹ́rìn-ín kí ó tó bani lẹ́rù. Ní ọdún 1149, mọ́ńkì ará Ireland kan tí ń jẹ́ Marcus kọ ọ́ ní èdè Látìnì ní ìlú Regensburg ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ní jagunjagun kan wà, Tundale ni orúkọ rẹ̀, tí ó lọ sin gbèsè ẹṣin mẹ́ta ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà kò ní owó lọ́wọ́. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí ó jókòó jẹun. Bí Tundale ti na ọwọ́ sí oúnjẹ, ọwọ́ náà kò lè padà sí ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ṣubú lulẹ̀ bí òkú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ó fi di ọjọ́ kẹta. Áńgẹ́lì rẹ̀ mú ọkàn rẹ̀ kiri. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ti ń jẹ àwọn olè níyà, wọ́n bá afárá tóóró kan tí ìṣó mímú kún orí rẹ̀, àwọn ẹranko búburú sì ya ẹnu sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. A ní kí Tundale gba ibẹ̀ kọjá, kí ó sì fa màlúù ẹhànnà kan lọ́wọ́, nítorí pé nígbà ayé rẹ̀ ó ti jí màlúù ẹnì kan tí ó sún mọ́ ọn. Tundale bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ṣáà ti dá màlúù náà padà fún olówó rẹ̀. Áńgẹ́lì náà dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò rí i fi pamọ́ mọ́ ni ó tó dá a padà.

Ẹ kò ha gbọ́ òwe tiwa nínú rẹ̀? Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìtàn Tundale tàn káàkiri, a sì yí i sí èdè púpọ̀. Ní ọdún 1475 a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan tí ó ní àwòrán aláràbarà fún Margaret of York, ìyàwó olórí ilẹ̀ Burgundy. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé Simon Marmion ni ó ya àwọn àwòrán náà, wọ́n sì wà títí di òní ní ilé àkójọ ohun ọnà Getty ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Dante, akéwì ará Florence ní ilẹ̀ Ítálì, tí ó kú ní ọdún 1321. Orin 100 ni ó pín ìwé rẹ̀ sí, ìlà inú rẹ̀ sì ju 14,000 lọ. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún 1300 ni òun rin ìrìn-àjò náà: òun sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀run àpáàdì, òun gun òkè tí a ti ń wẹ ọkàn mọ́, òun sì dé ọ̀run rere níkẹyìn. Ẹ kíyè sí àwọn tí ó bá nínú ìyà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó fi dá wọn mọ̀. Àwọn tí ń yáni lówó èlé jókòó lórí iyanrìn gbígbóná, àpò owó rọ̀ mọ́ ọrùn wọn, ojú wọn kò sì kúrò lára àpò náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fi ipò wọn gba rìbá wà nínú ọ̀dà tí ń hó. Ọkùnrin kan tí ó da irin mọ́ owó wúrà ìlú Florence, ikùn rẹ̀ wú gbàǹgbà, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́ láìdáwọ́ dúró. Póòpù Nicholas Kẹta pàápàá wà níbẹ̀ nítorí ó fi ohun mímọ́ ṣòwò. A fi orí sọ ọ́ sínú ihò, iná sì ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé Dante kàn ń gbẹ̀san lára àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ti lé e kúrò ní ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dá ara rẹ̀ sí. Olùkọ́ tí ó fẹ́ràn, inú ìyà ni ó bá a. Nígbà tí ó sì ti kọjá ibi tí àwọn agbéraga ti ń ru òkúta ńlá, ó jẹ́wọ́ pé ẹrù ibẹ̀ ti ń wọ òun lọ́rùn kí ọjọ́ òun tó pé. Akéwì tí ó rí ibùjókòó tirẹ̀ láàárín àwọn tí a ń bá wí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó tó bá ìlú wí.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Kì í ṣe pé ilẹ̀ wa ṣófo kí irú ìtàn wọ̀nyí tó dé. Yorùbá ti ní ọ̀run rere, ó sì ti ní ọ̀run àpáàdì. Àpáàdì ni èéfọ́ ìkòkò, ohun tí kò ṣe é pọn omi mọ́, tí kò sì ṣe é mọ padà. Kí ẹ̀dá di èéfọ́ tí a kó dà sí ẹ̀yìn ilé, ìyẹn ni ìparun ní ojú àwọn baba wa. Àpáàdì kan náà ni a sì fi ń fọn iná láti ilé dé ilé, nítorí náà nígbà tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì ń wá orúkọ fún ibi iná, orúkọ náà ti wà nílẹ̀ dè wọ́n.

Àwọn ọmọ ìyá wa Mùsùlùmí pẹ̀lú ní ìrìn-àjò òru tí Ànábì rìn, nígbà tí a gbé e gòkè láti sánmọ̀ dé sánmọ̀. Nínú ìtàn tí a ń sọ nípa ìrìn-àjò náà, àwọn tí ń jẹ èlé wà níbẹ̀, ikùn wọn tóbi bí ilé, ejò sì kún inú rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá a tú ìwé kan nípa ìgòkè yìí sí èdè Látìnì ní ilẹ̀ Sípéènì. Ní ọdún 1919, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ náà kan, Miguel Asín Palacios, kọ̀wé pé Dante rí nǹkan mú níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé e lórí títí di ìsinsìnyí. Èyí ó wù kí ó jẹ́, àwọn olórin wákà wa tí ń kọ́ ènìyàn nípa Àlùkìyámọ̀ àti akéwì ará Florence náà jọ ń bá ọlọ́jà kan náà wí.

Ní ti àwọn ìjọ Kristẹni, orin ni ó kọ́kọ́ gbé e wá. Orin tí wọ́n ń kọ nípa Jerúsálẹ́mù oníwúrà, láti inú ewì Látìnì ni ó ti wá, èyí tí Bernard, mọ́ńkì ilé Cluny ní ilẹ̀ Faransé, kọ ní ọ̀rúndún kejìlá. J. M. Neale yí apá kan rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1851, láti ibẹ̀ ni ó sì ti wọ inú ìwé orin. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ akọrin kò mọ̀. Ewì Bernard súnmọ́ 3,000 ìlà, apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó sì fi bá àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ wí nítorí ìwọra, àgbèrè àti ìwà àwọn àlùfáà tí ń ta oore-ọ̀fẹ́. Wúrà inú rẹ̀ ni a mú, a fi ìbáwí sílẹ̀.

Àwòrán tẹ̀lé orin. Obìnrin ará Stuttgart kan, Charlotte Reihlen, ni ó gbèrò àwòrán ọ̀nà gbòòrò àti ọ̀nà tóóró tí a tẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1866, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1883. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e kọjá òkun, ó sì gbajúmọ̀ láàárín àwọn Éwé ní ẹkùn Togo àti Ghana. Ilé tẹ́tẹ́, ilé ijó àti ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré ní ọjọ́ Ìsinmi wà ní ọ̀nà gbòòrò, iná sì wà ní òpin rẹ̀. Àwòrán rere ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ará Stuttgart ni ó yà. Kò sí ẹni tí ó ń sáré ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ìsinmi nínú ọjà wa.

Lẹ́yìn èyí ni ìran fúnra rẹ̀ dé Èkó. Ní oṣù June ọdún 1925, àwọn ìjọ Àgùdà ń ṣe ọdún Ara Olúwa, wọ́n ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìgboro. Ọdún yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ èso ìran: obìnrin kan ní ìlú Liège, Juliana, ni ó rí ìran tí ó fà á, Póòpù Urban Kẹrin sì fi í lélẹ̀ fún gbogbo ìjọ ní ọdún 1264. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ń wo àwọn tí ń tò lọ. Ó ní òun rí áńgẹ́lì. Lẹ́yìn náà ni ó ṣubú sínú ojúran, ó sì ń sọ̀rọ̀ ibi ọ̀run tí a mú un dé. A ránṣẹ́ pe Moses Orímọládé kí ó wá gbàdúrà fún un, láti inú ìpàdé àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ Séráfù àti Kérúbù sì ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 22, ní oṣù September 1947, Samuel Bilewu Oshoffa dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ìjọ náà ti fìdí múlẹ̀ ní Kétu tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àwọn ọmọ ìjọ náà sì gbà pé láti ojúran ni àwọn orin wọn ti wá. Nítorí náà ẹni tí ó bá gbọ́ orin ìṣọ́ òru ní Kétu, orin tí ó gbọ́ ní ẹbí ní Liège àti ní Cluny.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wa fi í ṣe

Kò pẹ́ tí ìran náà fi gun orí ìtàgé. Ní ọdún 1944, ìjọ aládùúrà kan ní Èkó bẹ Hubert Ògúndé, tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, kí ó ṣe eré olórin fún wọn. Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run ni eré náà dá lé lórí, Glover Hall ni wọ́n sì ti ṣe é. Láti ibẹ̀ ni Ògúndé ti di baba àwọn eléré wa.

Ní ọdún 1952 ni Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, tẹ ìwé ọ̀mùtí rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Adẹ́mu ọkùnrin kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀gá rẹ̀ sì gbéra láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó bá àwọn ará ìlú náà tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, adẹ́mu rẹ̀ sì sọ fún un pé òun kò lè bá alààyè padà sílé mọ́. Bí ọkùnrin náà ti rìn tó nítorí ẹmu, ẹmu kọ́ ni ó gbé padà. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìtàn náà di eré olórin ní èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, inú àwọn ènìyàn sì dùn sí i púpọ̀. Àní àwọn olórin òyìnbó méjì, Brian Eno àti David Byrne, mú orúkọ ìwé Tutùọlá kejì, èyí tí ó jáde ní 1954, fi sọ àwo orin wọn ní ọdún 1981. Bruce Onobrakpeya ní tirẹ̀ ya àwọn ẹ̀dá inú igbó Fágúnwà fún ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe ní ọdún 1968.

Àwọn ará òkè òkun pàápàá kò tíì fi Dante sílẹ̀. Liszt fi ohùn orin ya ọ̀run àpáàdì rẹ̀ ní ọdún 1857. Nígbà tí ó kan ọ̀run rere, Wagner ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé ènìyàn kan kò lè fi orin ya irú ibẹ̀, ó sì fi orin Màríà parí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2021, Thomas Adès ṣe orin ijó ńlá kan lórí ìwé náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2014, Simon Njami, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Cameroon, kó iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfríkà jọ sí Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, ó pín in sí ọ̀run rere, ibi ìwẹ̀nùmọ́ àti ọ̀run àpáàdì. Ní ọdún 2015 àkójọ náà dé Washington. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, bí a bá gba ìwé Dante ní ọwọ́ àwọn ará Yúróòpù, irú ọ̀run wo ni ọmọ Áfríkà yóò yà?

Kúnlé Afọláyan dáhùn ìbéèrè náà ní ọ̀nà tirẹ̀ nínú fíìmù Aníkúlápó, tí ó jáde ní ọdún 2022. Sàró, aláṣọ òkè, rí agbára jí òkú gbà, ó sì fi agbára náà wá ọlá àti obìnrin títí ìgbéraga fi pa á. Nínú apá kejì tí ó jáde ní ọdún 2024, ó dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, wọn kò gbà á wọlé. Wọ́n dá a padà sí ayé kí ó lọ tún ohun tí ó ti bàjẹ́ ṣe. A kò mọ̀ bí àwọn tí ó ṣe eré náà bá gbọ́ nípa Tundale rí. Síbẹ̀ màlúù náà ni Sàró ń fà.

Ta ni ó wà nínú iná?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí àwọn ojúde Kétu. Nínú ọ̀pọ̀ eré àti àwòrán tí ń ránni létí ọ̀run àpáàdì lónìí, àwọn wo ni a ń fi sínú iná? Àwọn ni ìyá arúgbó tí a pè ní àjẹ́, ọmọbìnrin tí ó wọ ṣòkòtò tàbí tí ó so irun mọ́ irun, àti babaláwo. Lọ́rọ̀ kan, ẹlòmíràn ni. A wá a títí, a kò rí ẹni tí ó fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò wọnú kí ó lè gba ìrẹsì díẹ̀. A kò rí ẹni tí ó to tòmátì pupa sí òkè apẹ̀rẹ̀, tí ó sì kó jíjẹrà sí ìsàlẹ̀. A kò rí onílé tí ó gba owó iyàrá kan lọ́wọ́ ayálégbé méjì, tàbí akápò ìjọ tí ìwé owó rẹ̀ kò pé. Dante ìbá kọ́kọ́ wá àwọn wọ̀nyí.

Ewu ń bẹ nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọnà nìkan. Ọmọ tí ó bá wo irú eré bẹ́ẹ̀ lálẹ́ yóò jí ní ọ̀gànjọ́, ẹ̀rù yóò sì máa bà á. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá àgbà tí ó ń dá gbé ní ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa sá fún. Bí àìsàn bá ṣe ọmọ náà, a ti mọ ẹni tí ìka yóò nà sí. Ìran tí a dá sílẹ̀ láti mú olè dá màlúù padà ti wá di ohun tí a fi ń lé arúgbó kúrò nílé.

Àṣìṣe kejì ni ti orin òkú. Olórin kò tíì mọ orúkọ òkú dáradára, kò sì mọ bí ó ti gbé ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó ti ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, bẹ́ẹ̀ ni ipò òkú ń ga sí i lọ́run. Àwọn kan yóò wí pé ìtùnú ni, àti pé kò yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ líle níwájú ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. A gbà pẹ̀lú wọn pé ìtùnú yẹ. Kí a sọ oore tí òkú ṣe, kí a gbàdúrà fún àwọn tí ó fi sílẹ̀, kí a sì fi ìdájọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́; ìtùnú ni gbogbo ìyẹn, kò sì ní irọ́ nínú. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó ń ṣẹlẹ̀ pé bí ìlù ti ń dún ní ojúde, àwọn ẹbí ti ń ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́ opó náà, àwọn tí òkú jẹ ní gbèsè sì ń wo màlúù tí a pa pẹ̀lú owó tí ó yẹ kí a fi san tiwọn. Ta ni orin náà ń tù nínú?

Àṣà rere kan wà tí gbogbo wa lè kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, ẹnìkan a máa dìde, a sì béèrè bóyá òkú náà jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí àwọn ẹbí lè gbà á sí ọrùn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ní ìlù nínú. Ní ojú tiwa, ìran ọ̀run tí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan náà ju ti orin òru mọ́jú lọ.

A kò wí pé kí àwọn olórin dákẹ́ tàbí kí àwọn ayàwòrán gbé gègé sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn tóbi ju bí wọ́n ti rò lọ. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí irú eré tàbí orin bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé yín, ẹ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́: ta ni ó wà nínú iná níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ha wà ní ilé tiwa pẹ̀lú? Èkejì: kí ni ó yẹ kí ó dá padà, fún ta sì ni? Ìkẹta: nígbà tí eré tán, àánú ha pọ̀ sí i nínú wa, àbí ìbẹ̀rù aládùúgbò ni? Bí ìdáhùn ìkẹta bá jẹ́ ìbẹ̀rù aládùúgbò, ẹ pa á, kí ẹ sì bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sùn.

Ohun tí a bá ṣe láyé, la ó kúnlẹ̀ rò lọ́run. Ọjà Mile 12 yóò tún ṣí ní ọ̀la kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ìdí kọ́ńgò òun kò dọ́gba, kí ó gbé e fún alágbẹ̀dẹ kí ó bá a lù ú padà. Kí ó má ṣe jẹ́ pé ìgbà tí kò bá rí i fi pamọ́ mọ́ ni yóò tó ṣe é.